Òwe Ẹyin Nínú Sinimá Òru

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi kórìíra obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé bí mo bá rí i lókèèrè ní Ọjà'ba, tó gbé agbọ̀n orógbó rẹ̀ lórí, màá yà sáàárín àwọn oníkòkò títí yóò fi kọjá. Kì í ṣe pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ohun tí ẹnu mi lè sọ sí i ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá ọkùnrin tó yẹ kó fẹ́ mi ni. Sinimá kan tí mo wò ní òru ọjọ́ Sátidé ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ibi tí mo dojú ọfà kọ kọ́ ni ẹran wà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí tẹlifíṣọ̀n tó dé Ìbàdàn. Mo ti ka ìwé mẹ́fà, mo ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ọ̀gá mi sì ti tú mi sílẹ̀. Bàbá wa ti kú. Ibà ló pa á. Àwa mẹ́ta la wà nílé wa ní Oníyanrìn: èmi, ìyá mi, àti àbúrò mi obìnrin tí mo fi ọdún mẹ́ta jù lọ. Ọkùnrin náà ń wọn kòkó fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi, nínú ìjọ Aládùúrà tí a jọ ń lọ ní Bẹẹ̀rẹ̀. Ó wò mí bí mo ṣe ń fa ìyá mi lọ́wọ́ gòkè, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Èyí ni mo fẹ́. N kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn."

Wọ́n rán alárinà. Ẹ mọ iṣẹ́ alárinà láyé ìgbà náà: ó wádìí wa tinú tẹ̀yìn, ó béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wa jà. Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ nínú ìdílé wọn? Ṣé kò sí wèrè? Ṣé kò sí wárápá? Kò rí nǹkan kan. Wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ ìdána. Ọkùnrin náà máa ń wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú eruku kòkó lára bàtà rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi rò pé ìtìjú ni.

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí ìdána pé nígbà tí alárinà wọlé wá lọ́sàn-án gangan. Kò jókòó. Ó fa ìwé kan yọ láti inú ìró rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n gbé e fún yín," ó wí. "Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́."

Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó na ìwé náà sí mi, ó ní, "Kà á." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ẹnu ara mi ni mo fi ka ìwé tó bà mí jẹ́ sí ìyá mi létí.

Ìyá ọkùnrin náà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí kò fẹ́ kí ojú tì í ló ń kọ̀wé. Ó ní wárápá ń bẹ nínú ìdílé wa, pé òun ló pa bàbá wa, pé ó sì ń gbé àbúrò mi ṣubú lóru, à ń fi í pamọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi òwe kan tí n kò gbọ́ rí. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀, mo sì kọsẹ̀ níbẹ̀. Mo kà á pé ẹni tó bá ra ẹyin tí kò gbé e sí ọ̀run wò, ọ̀run ni yóò jẹ. Kò yé mi. Mo tún un kà. Ìyá mi ló tún un ṣe fún mi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwé: "Oòrùn ni, ọmọ mi. Ẹni tó bá ra ẹyin tí kò gbé e sí oòrùn wò, òórùn ni yóò jẹ." Kò sí orúkọ lábẹ́ ìwé náà.

Ìyá mi wé gèlè rẹ̀, ó lọ sí ilé wọn ní Bẹyẹrunkà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ọkùnrin náà kò jáde sí i. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé òun kò bínú, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ọwọ́ ara òun gbé wárápá wọlé. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ọkùnrin náà wá sí ilé wa. Ó sunkún. Ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá mi, ó ní, "Ìyá mi ló kọ̀, mà. Mo bẹ̀ wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn ò gbọ́." Ìyá mi ló tún ń tù ú nínú. Ó fi igbá bu omi tútù fún un, ó mu ún tán, ó ní kí ó tún bu òmíràn fún òun.

Láti òru yẹn ni mo ti kórìíra ìyá rẹ̀.

Ọkùnrin náà fẹ́ nọ́ọ̀sì kan láti òdìkejì ìlú lẹ́yìn ọdún kan. Èmi kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni ìwé náà pa jù, nítorí òun ni wọ́n ní wárápá ń gbé ṣubú. Ilé mẹ́rin ló wá tọrọ rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló padà sẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn tiẹ̀ rán obìnrin kan wá sùn sílé wa lóru bí àlejò, kó lè ṣọ́ ọ. Àbúrò mi mọ̀. Kò sùn ní gbogbo òru yẹn, ó jókòó lórí ẹní, ó ń wo obìnrin náà lójú. Nígbà tó yá, ó bá oníṣòwò kan tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀ lọ sí Kùmásì, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi. Ìyá mi kò rí i mọ́ títí ó fi kú. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi mọ ohun tó pa á.

Èmi náà gbìyànjú láti gbẹ̀san. Ní ọdún tí ìyá mi kú, ẹnì kan gbé aṣọ wá fún mi láti rán, kò sọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n mo mọ ìwọ̀n ara tó kọ sínú ìwé, nítorí mo ti wọn ẹni náà rí fún aṣọ ìdána. Ìyá ọkùnrin náà ni. Mo gé apá ẹ̀wù náà kéré. Mo fi ọgbọ́n gé e, tó jẹ́ pé yóò wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè gbé ọwọ́ sókè. Mo gbọ́ pé ó ya lábíyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tó ti ń gbé ọwọ́ àdúrà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò tó mi.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni mo ń rán aṣọ níwájú ilé rẹ̀ nígbà náà. Òun ló kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n ní àdúgbò, kì í sì í ṣe fún fáàrí. Bí wọ́n bá po ìyẹ̀fun tán lálẹ́, wọn yóò dúró kó wú kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó kó o sí ààrò. Obìnrin náà kò mọ ohun tí òun lè fi ìdúró yẹn ṣe. Nítorí náà, ní alẹ́ Sátidé, tí wọ́n máa ń fi sinimá àtijọ́ hàn kí wọ́n tó pa ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dé, ó máa ń pe àwa tó wà nítòsí wọlé. Àwa bíi mẹ́sàn-án la máa ń jókòó lórí ẹní nínú pálọ̀ rẹ̀, a ó pa iná, òórùn ìyẹ̀fun tó ń wú yóò sì bò wá mọ́lẹ̀.

Kò sí ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ òyìnbó tí wọ́n ń fi imú sọ yẹn, bẹ̀rẹ̀ lórí èmi tó ka ìwé mẹ́fà. Akọ̀wé ló ń tú u fún wa. Bàbá kan ni, ó ti tó ọgọ́ta ọdún, ó máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn Màpó, ó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà àti ìwé ẹ̀bẹ̀. Òwú ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Búrẹ́dì gbígbóná méjì ni ìyá oníbúrẹ́dì ń fún un fún iṣẹ́ alẹ́ kan, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Kì í tú ọ̀rọ̀ lásán. Bí òyìnbó inú sinimá bá ní "Rárá", Akọ̀wé á ní, "Ó ní irọ́ yìí jìnnà sí òótọ́ bí Ìbàdàn ti jìnnà sí Mẹ́kà."

Sinimá ti alẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí ti gbó gan-an. Àwòrán rẹ̀ ń ṣẹ́jú, bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú gbogbo ilé tí wọ́n bá wọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó dé àkẹtẹ̀, tó wọ ẹ̀wù òjò, tí sìgá kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Opó olówó kan wá bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kó bá òun wá ẹni tó tan ọkọ òun dé ibi ikú.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni," Akọ̀wé wí.

"Ọlọ́pàá?" ìyá oníbúrẹ́dì béèrè.

"Rárá o. Kò bá ìjọba ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀ràn ló ń wá a wá, òun á sì bá a wádìí rẹ̀."

"Alárinà wọn nìyẹn!" ìyá oníbúrẹ́dì kígbe. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ohun tí mo kíyè sí lára ọkùnrin náà ni pé kì í pariwo. Wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kò lu ẹnikẹ́ni padà. Yóò lọ jókòó sọ́dọ̀ ẹni tó ń fura sí, yóò béèrè ìbéèrè kékeré kan, ìbéèrè tí kò jọ nǹkan kan, yóò sì dákẹ́. Ẹni yẹn ni yóò máa sọ̀rọ̀ títí yóò fi sọ èyí tí kò yẹ kó sọ. Mo ń wò ó bí ọmọṣẹ́ ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ó wá dé ibì kan tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ti ń bá ọkùnrin sísanra kan sọ̀rọ̀, ẹni tó gba àjèjì wọlé láìwádìí rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó sì tú èéfín jáde. Akọ̀wé gbé ìka sókè.

"Ó ní, ẹni tó bá ra ẹyin tí kò gbé e sí oòrùn wò, òórùn ni yóò jẹ."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Láti ọdún tí ìwé yẹn ti wọ ilé wa ni mo ti ń béèrè òwe náà kiri. Mo béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ní Oníyanrìn, mo béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́yin ní Ọjà'ba, mo béèrè lọ́wọ́ tíṣà mi àtijọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí. Òun náà ló wá ń ti ẹnu Akọ̀wé jáde nínú òkùnkùn yìí, nínú òórùn búrẹ́dì. Ó kù díẹ̀ kí n dìde kí n fa òwú awò ojú rẹ̀ já. Mo di etí ẹní mú. Mo ní kí n ṣe bí ọkùnrin alákẹtẹ̀.

Nígbà tí sinimá parí, tí ìyá oníbúrẹ́dì ń di búrẹ́dì fún un, mo sún mọ́ ọn.

"Akọ̀wé, òwe ẹyin yẹn dùn o. Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. "Gbọ́ ọ kẹ̀? Èmi ni mo dá a! Orí ara mi ló ti wá. O ò lè bá a lẹ́nu ẹlòmíràn ní gbogbo Ìbàdàn."

"Ẹ kú iṣẹ́," mo wí, mo sì dákẹ́.

N kò sùn. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè mo mú ìwé náà láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá mi, mo lọ sí Màpó. Akọ̀wé ti tẹ́ tábìlì rẹ̀, ìgò tàdáwà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Aránṣọ!" ó wí. "Kí ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ àwa akọ̀wé?"

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ka ìwé kan ni."

"Ṣebí o mọ̀wé."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó ṣí i. Ó kà á dé ìlà kejì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Kò kà á mọ́. Ó ká a, ó fi sórí tábìlì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

"Ọmọ mi," ó wí, "iṣẹ́ ni. Ọ̀bẹ kì í mọ ẹni tó ni ẹran."

"Èmi ni ẹran náà, Akọ̀wé. Ẹni tó mú ọ̀bẹ dání ni mò ń wá."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í. N kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó fẹ́ kọ lẹ́tà ń bọ̀, wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n ń yà lọ. Oòrùn kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ sórí tábìlì, ó sún kan ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó yá, Akọ̀wé mí kanlẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí," ó wí, "ẹnì kan ṣoṣo ló tíì ní kí n kọ ìwé àìlórúkọ sí ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀."

Kò yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí ó tún un sọ.

"Ọmọ rẹ̀ ni. Òun tó ń wọn kòkó. Mo fẹ́ kọ wèrè. Ó ní rárá, pé wèrè ń hàn ní gbangba, èèyàn lè lọ wò ó. Ó ní kí n kọ wárápá, pé ìyẹn ń dé lóru, kò sí ẹni tó lè já a nírọ́. Kò jẹ́ kọjá níwájú mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ló ń gbà."

Mo rántí igbá omi. Igbá kìn-ín-ní àti igbá kejì. Ẹnu mi korò bí ẹni tó jẹ ewúro tútù. Mo sọ fún Akọ̀wé pé yóò bá mi lọ sílé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó ní òun ti dàgbà, ó ní orúkọ òun ni oúnjẹ òun.

"Ẹ ó lọ," mo wí, "tàbí kí n máa wá síbí lójoojúmọ́, kí n máa ka ìwé yìí sókè fún gbogbo ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn, kí n sì máa sọ ẹni tó kọ ọ́."

Ó dé ìgò tàdáwà rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé Bẹyẹrunkà. Ìyá ọkùnrin náà jókòó lójúde, ó ń bó orógbó. Nígbà tó rí mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìwọ tí kì í kí mi lọ́jà. Kí lo wá ṣe?"

Mo kúnlẹ̀. "Ìwé kan ni mo wá kà fún yín, mà."

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ọ láìmira. Ó ní òun ti gbọ́ ọ rí. Mo wá ní kí Akọ̀wé sọ ẹni tó rán an ní iṣẹ́. Akọ̀wé sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, ilẹ̀ ló sì dojú kọ nígbà tó ń sọ ọ́. Obìnrin náà gbé abẹ sílẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọkùnrin náà jáde, ó ń nu ẹnu. Ó ti sanra. Nígbà tó rí Akọ̀wé, ojú rẹ̀ kú.

"Ìyá mi, ẹ má dá wọn lóhùn," ó wí. "Ó ń bínú pé mi ò fẹ́ òun ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ wèrè kúrò," Akọ̀wé wí.

"Irọ́ ni bàbá yìí ń pa!"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yẹn, "ẹ" ni mo ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wí fún un pé "ìwọ". Mo ní, "Ìwọ wá sílé wa. O gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá mi. O mu omi rẹ̀ ní igbá méjì."

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ ìgbà tó jáde. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, jẹ́jẹ́, oṣù tí wọ́n kọ ìwé náà. Mo sọ fún un. Ó wo ọmọ rẹ̀ àgbà tó ń ṣeré lágbàlá.

"Mo ti lóyún oṣù mẹ́fà nígbà yẹn," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ sọ fún mi pé kò sí obìnrin kankan nílé." Ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ báyìí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní èyí lẹ fẹ́, ẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn. Kí ni ǹ bá ṣe?"

"Ò bá sọ pé o ò fẹ́," ìyá rẹ̀ wí. "Màá bú ọ, màá sunkún, yóò sì tán." Ó yíjú sí mi. "Ìyá rẹ kúnlẹ̀ síbi tí o kúnlẹ̀ sí yìí. Mo jókòó sínú yàrá, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí lo fẹ́?"

Mo ti ro ohun tí mo fẹ́ láti Màpó. N kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Ilé mẹ́rin ló padà lẹ́yìn àbúrò mi. Kí ó lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni òun pa. Ní ọ̀sán. Ní ọjọ́ ọjà."

Mo rò pé yóò kọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi gbàjá. Ó ní, "Èmi ni màá mú un lọ."

Ó sì mú un lọ. Wọ́n gba Bẹẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, ìyá níwájú, ọmọ lẹ́yìn, èmi lẹ́yìn ọmọ. Àwọn èèyàn rò pé a ń lọ túfọ̀ òkú ni. Ní ilé kìn-ín-ní, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Wọn ò gbọ́. Tún un wí." Ó tún un wí. Ní ilé kejì, èrò ti ń tẹ̀ lé wa. Ní ilé kẹta, ó yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn, òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Nítorí Ọlọ́run, ó tó."

"Ó ku ilé kan," mo wí.

N kò ní purọ́: inú mi dùn. Mo rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Mo wo ọrùn rẹ̀ láti Ọjà'ba dé Oníyanrìn, mo rí i bó ṣe ń rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì ṣàánú rẹ̀ rárá. Ní ilé kẹrin, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó wá béèrè pé, "Ọmọ náà dà báyìí?" Mo ní ó wà ní Kùmásì. Ó mi orí. Ó ní kí ọkùnrin náà kúrò lójúde òun, kí ó má fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri òun.

Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun lọ sí ìlú mìíràn. Ọkùnrin náà kò lè gba Bẹẹ̀rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹyin, nítorí òwe inú ìwé náà ti tàn kálẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà tó fi kúrò ní Ìbàdàn. Akọ̀wé padà sídìí tábìlì rẹ̀; àwọn èèyàn ṣì ń wá a, ṣùgbọ́n kò tú sinimá fún wa mọ́, a kàn ń wo àwòrán ni.

Ìyá ọkùnrin náà wá sí ilé wa nígbà tí ariwo rọlẹ̀. A sin ìyá mi sí ẹ̀yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì dúró lókèèrè, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tó dìde, ojú tì mí, mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gé apá ẹ̀wù rẹ̀ kéré.

"Mo mọ̀," ó wí. "Aránṣọ wo ni kò mọ apá àgbà? Mo kàn rò pé ó tọ́ sí mi ni." Ó fún mi ní orógbó méje. Láti ọjọ́ náà, n kò yà sáàárín àwọn oníkòkò mọ́.

Mo kọ̀wé sí àbúrò mi ní Kùmásì, ojú ewé mẹ́rin, mo sọ gbogbo rẹ̀. Èsì rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Ó ní òun ti gbọ́. Ó béèrè pé ṣé ọkùnrin náà sunkún. Mo kọ padà pé bẹ́ẹ̀ ni, ní ilé kẹta.

Mo fẹ́ ọkọ lẹ́yìn náà, awakọ̀ lọ́rì kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, mo sì bímọ. Ọmọ mi kejì wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà tún yọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní àdúrà ni òun wá ṣe ní Ìbàdàn, pé pásítọ̀ kan sọ fún òun pé ẹni tó bá di ẹnì kejì sínú ń gbé ejò sùn ni.

"Ṣé ẹ ti dárí jì mí?" ó béèrè. Òun ló wá ń pè mí ní "ẹ" báyìí.

"Rárá," mo wí. "Bá mi kí pásítọ̀. Sọ fún un pé ejò tèmi kì í bu mí jẹ."

Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó rò pé màá ní kó jókòó. Omi wà nínú àmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò bù ú fún un. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ọjà'ba, mo sì padà sídìí aṣọ tí mò ń rán.